Nínú Ibà àti Ìyàn: Ìtàn Anna àti David Hinderer ní Kúdẹtì, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará wa tí iṣẹ́ òòjọ́ ti gbé dé ìlú òkèèrè, ẹni tí ó bá ti ṣàìsàn rí láàrin àwọn tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ ni yóò tètè mọ ìkorò ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí. Nígbà tí ara bá le, àjò a máa dùn. Ọjà ń tà, iṣẹ́ ń lọ, a sì ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ibà bá dá ènìyàn dùbúlẹ̀, tí ọ̀nà ilé sì jìn, nígbà náà ni a óò bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa léèrè pé: Ta ni yóò bu omi fún mi mu? Kí ni mo tilẹ̀ wá ṣe níhìn-ín? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ìdílé òyìnbó kan bá pàdé ní ìlú Ìbàdàn ní nǹkan bí 170 ọdún sẹ́yìn. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ilé tiwa ni ó jẹ́ àjò fún wọn. Àwa ni onílé, àwọn ni àlejò.

Orúkọ ọkọ ni David Hinderer, ti aya ni Anna. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni David. Ẹ̀gbẹ́ ìlú Schorndorf ní agbègbè Württemberg ni a gbé bí i. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìhìnrere ní Basel ní ilẹ̀ Siwisalandi, ó tún kọ́ ọ ní Islington ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ C.M.S. sì rán an wá sí ilẹ̀ wa ní ọdún 1849. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìhà Òkè Ọya lè rẹ́rìn-ín sí èyí: kì í ṣe nítorí Yorùbá ni wọ́n fi rán an. Èdè Hausa ni wọ́n ní kí ó kọ́, kí ó lè bá ibẹ̀ kọjá lọ sí ilẹ̀ Hausa. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń gbé ní Abẹ́òkúta, etí rẹ̀ kò sinmi ìròyìn Ìbàdàn, ìlú ńlá tí àwọn jagunjagun tẹ̀ dó. Ní ọdún 1851 ó lọ wò ó fúnra rẹ̀, ó lo oṣù mélòó kan níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Àìsàn ni ó lé e padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ni ó sì ti fẹ́ Anna ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1852.

Anna Martin ni orúkọ tí ó ń jẹ́ kí ó tó relé ọkọ. Abúlé Hempnall ní agbègbè Norfolk ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1827. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. A mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà ní Lowestoft, ìlú etí òkun, ibẹ̀ ni alùfáà ìlú náà, Francis Cunningham, àti aya rẹ̀ sì ti fà á mọ́ra bí ọmọ. Nígbà tí ó ṣì wà ní ọmọdébìnrin ni ó ti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn. Ọmọ tí kò ní ìyá ni ó di ẹni tí ń wá ọmọ ẹlẹ́ni kiri láti ṣe ìtọ́jú wọn, Ọlọ́run kò sì fún òun fúnra rẹ̀ ní ọmọ bíbí inú títí ó fi fi ayé sílẹ̀.

Oṣù Kejìlá, ọdún 1852 ni tọkọtaya náà wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1853 wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó, wọ́n sì kọjá lọ sí Abẹ́òkúta. Ara kò tíì silẹ̀ tí ibà fi kí Anna káàbọ̀. Ibà náà dá a dùbúlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó dìde, ó tún dá a dùbúlẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún náà ni wọ́n wọ Ìbàdàn. Obìnrin òyìnbó kò tíì dé ibẹ̀ rí, nítorí náà tọmọdé tàgbà ni ó tú jáde wá wòran. Wọ́n gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Baálẹ̀ Olúgbódé ni ó wà lórí oyè. Wọ́n fún wọn ní ilẹ̀ ní Kúdẹtì, lẹ́bàá odò tí ń jẹ́ orúkọ yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì sí.

Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn yìí lónìí gbọ́dọ̀ rántí bí ìmọ̀ ìṣègùn ti rí nígbà náà. Kò sí ẹnì kankan ní ayé, dúdú tàbí funfun, tí ó mọ ohun tí ń fa ibà. Àwọn oníṣègùn òyìnbó gbà pé èéfín búburú ni ó ń jáde láti inú àbàtà. Wọn a sì máa ti fèrèsé ní alẹ́ nítorí afẹ́fẹ́, nígbà tí ẹ̀fọn ti wà nínú yàrá pẹ̀lú wọn. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà, ọdún 27 lẹ́yìn ikú Anna. Oògùn kuníìnì, tí a ń rí láti ara èèpo igi kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ti wà. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Faransé ti yọ ọ́ láti inú èèpo náà ní ọdún 1820. Ní ọdún 1854 ni Dókítà Baikie gun odò Ọya pẹ̀lú ọkọ̀ Pleiad, tí ó ń fún àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ náà ní kuníìnì lójoojúmọ́ kí ibà tó mú wọn, tí ọ̀kan nínú wọn kò sì kú. Ìyanu ni èyí jẹ́ ní ìgbà náà. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ ní oògùn, bí ọ̀nà Èkó bá dí, níbo ni yóò gbà dé Ìbàdàn? A óò padà sórí ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí láìpẹ́.

Iṣẹ́ tí Anna yàn fún ara rẹ̀ ni àwọn ọmọdé. Kò rọrùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìlú ológun ni Ìbàdàn, ẹ̀rù sì ń ba àwọn òbí pé ìwé yóò sọ ọmọkùnrin wọn di ojo. Ta ni yóò mú ọmọ tí ó lè gbé idà fún òyìnbó, kí ó lọ fi jókòó ti pátákó? Ìjòyè kan láti ìdílé Olúnlọ́yọ̀, tí a ń pè ní Abẹrẹ, ni ó kọ́kọ́ fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan. Ọmọbìnrin náà ń jẹ́ Yéjídé. Láti ọ̀dọ̀ àwọn méjì wọ̀nyí ni iye náà ti ń pọ̀ sí i. Àwọn mìíràn jẹ́ ọmọ ìlú tí òbí wọn fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn mìíràn jẹ́ ọmọ tí ogun kó, tí a rà padà kúrò lóko ẹrú. Wọ́n ń gbé nínú ilé kan náà pẹ̀lú Anna, wọ́n ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń kọ́ ìwé àti aṣọ rírán, ìyá ni wọ́n sì ń pè é.

Daniel Olúbí ni ọwọ́ ọ̀tún ìdílé yìí. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, abọ̀rìṣà ni ìyá rẹ̀, iṣẹ́ òrìṣà ni wọ́n sì ti ń tọ́ ọ fún kí ó tó di Kristẹni ní ọdún 1848. Òun ni ó tẹ̀lé David wá sí Ìbàdàn ní 1851. Bí ibà bá dá ọkọ dùbúlẹ̀, tí ó tún dá aya dùbúlẹ̀, Olúbí ni ó ń mójú tó ilé àti ìjọ. Nínú ìwé ìtàn ọ̀pọ̀, wọ́n máa ń kọ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní kékeré sí ìsàlẹ̀ ojú ewé. Kò yẹ bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ le gan-an. Òyìnbó mìíràn tí ẹgbẹ́ rán wá láti ràn wọ́n lọ́wọ́, Kefer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì bíi David, kú ní ọdún 1855. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ mú David fúnra rẹ̀, èyí tí ó ń pa ènìyàn púpọ̀ ju èyí tí ń yè lọ láàrin àwọn àlejò ìgbà náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń gbà lónìí kí a tó rìnrìn-àjò, ọdún 1937 ni wọ́n tó ṣe é. Anna tọ́jú ọkọ rẹ̀ nígbà tí ara òun náà kò dá, ó sì yè é. Ní ọdún 1856 wọ́n padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti sinmi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ì bá ti sọ pé ó tó. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn wí bí wọ́n bá gba ìjọ kékeré kan ní abúlé Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì máa sọ ìtàn Áfíríkà fún àwọn ènìyàn nídìí iná. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1858 wọ́n ti padà sí Kúdẹtì. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: àwọn ọmọ wà níbẹ̀.

Ọ̀NÀ DÍ

Ní ọdún 1859 Aláàfin Àtìbà wàjà. Àṣà tẹ́lẹ̀ ni pé Àrẹ̀mọ a máa bá Aláàfin kú. Àtìbà ti yí i padà kí Adélù ọmọ rẹ̀ lè jọba lẹ́yìn rẹ̀. Ìbàdàn fara mọ́ Adélù. Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀, ó ní àṣà ni àṣà. Ọ̀rọ̀ yìí di ogun ní ọdún 1860. Ìbíkúnlé ni Balógun Ìbàdàn, Ògúnmọ́lá sì jẹ́ Ọ̀tún rẹ̀. Ohun tí ó kan ìtàn wa níhìn-ín ni pé àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, àwọn Ìjẹ̀bú náà kò sì fẹ́ kí Ìbàdàn rí ọ̀nà dé etí òkun. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ Yorùbá: láti Ìbàdàn dé Èkó, ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ìhà kan, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ìhà kejì. Nígbà tí àwọn méjèèjì ti ilẹ̀kùn, ìlú náà wà bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé.

Fún àwọn ọmọ ogun, ìyẹn túmọ̀ sí pé ìbọn àti ẹ̀tù ṣọ̀wọ́n. Fún ìdílé Hinderer, ó túmọ̀ sí nǹkan mìíràn. Gbogbo ohun tí wọ́n ń ná, Èkó ni ó ti ń wá. Owó ẹyọ ni a ń ná nígbà náà. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹyọ 20,000, ẹrù ọkùnrin kan sì ni. A kò lè fi í sínú lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi pamọ́ sínú ìgbànú. Arẹrù ni ó ń gbé e la igbó kọjá. Nígbà tí arẹrù kò lè kọjá mọ́, owó-oṣù kò dé, oògùn kò dé, bàtà kò dé, ìwé láti ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé kò dé. Bí ìwé kan bá tilẹ̀ dé, ó lè ti lo oṣù púpọ̀ lọ́nà.

Ìdílé náà kì í sì í ṣe ènìyàn méjì. Ìyá tí ó ní ọmọ púpọ̀ nílé nìkan ni ó mọ bí ìkòkò ti ń tètè gbẹ. Wọ́n kọ́kọ́ dín oúnjẹ kù. Ìyẹ̀fun àti tíì tán. Oúnjẹ ìlú ni wọ́n ń jẹ, òun náà kò sì pọ̀ tó, nítorí ogun ti sọ oko di ahoro, gbogbo ọjà sì wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé. Àpótí lọ. Aṣọ lọ. Agolo àti páálí tí nǹkan Èkó ti wà nínú wọn rí di ohun tí wọ́n ń kó lọ fún títà, kí wọ́n lè rí owó ẹyọ díẹ̀ ra ohun tí àwọn ọmọ yóò jẹ. Àwọn tí ó ti máa ń rò pé owó òyìnbó kì í tán rí i pé ó ń tán.

Ibí yìí ni ó yẹ kí a dúró díẹ̀ sí. Ènìyàn lè máa rò pé ìtàn ìgbàgbọ́ ni ìtàn tí oúnjẹ ti máa ń bọ́ láti ojú ọ̀run. Oúnjẹ wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ọwọ́ àwọn ará Ìbàdàn ni ó ti wá. Àwọn kan yá wọn ní owó ẹyọ láì mọ ìgbà tí ọ̀nà yóò ṣí, láì mọ̀ pẹ̀lú bóyá àwọn òyìnbó wọ̀nyí yóò wà láàyè láti san án. Àwọn mìíràn gbé oúnjẹ wá. Kì í ṣe àwọn ọmọ ìjọ nìkan ni wọ́n ṣe é. Àwọn tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí wà nínú wọn. Ìlú tí ebi ogun ń pa ni ó ń bọ́ àlejò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ gbèsè oúnjẹ rí lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ ẹlẹ́yà mìíràn ní ìlú tí ẹ wà, ẹ mọ ohun tí ń bẹ nínú irú àánú yìí.

A kò fẹ́ sọ pé gbogbo nǹkan dára láàrin ìlú àti àwọn Kristẹni. Àwọn ọmọ ìjọ kan jìyà gidigidi lọ́wọ́ ẹbí wọn nítorí ẹ̀sìn titun. A na àwọn kan, a dè àwọn mìíràn mọ́lẹ̀. Ìyẹn náà wà nínú ìwé tí Anna kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà dí, ìlú kò jẹ́ kí ebi pa wọ́n kú.

Wọ́n kì í sì í ṣe àwọn nìkan ni ìyà náà dé bá. Àwọn òjíṣẹ́ dúdú tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Kúdẹtì, Arẹ̀mọ àti Ògùnpa ní aya àti ọmọ. Owó tiwọn náà, ojú ọ̀nà kan náà ni ó ń gbà. Ọ̀kan nínú wọn ni Henry Johnson, ọmọ Yorùbá tí ó ti Sàró wá sí Ìbàdàn pẹ̀lú aya àti ọmọ rẹ̀ nígbà tí àwọn Hinderer padà dé. Ní ọdún 1865 ni bàbá yìí kú ní Ìbàdàn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó gba ẹ̀kọ́ ní Kúdẹtì ní abẹ́ Anna àti David ni Samuel Johnson. Òun ni ó wá di alùfáà, tí ó sì kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí gbogbo òpìtàn ń lò títí di òní. Ó parí rẹ̀ ní ọdún 1897, a tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Nígbà tí ó ń kọ̀wé nípa ogun Ìjàyè, kì í ṣe ìtàn àgbọ́sọ nìkan ni. Ó jẹ nínú ìyàn náà.

Ìjàyè fọ́ ní oṣù Kẹta, ọdún 1862. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn mú òyìnbó C.M.S. kan níbẹ̀, Edward Roper, wọ́n sì kó o bọ̀ wá sílé bí ìgbèkùn. Lẹ́yìn náà ó wá ń gbé lọ́dọ̀ àwọn Hinderer. Ẹnu mìíràn tún kún tábìlì. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀nà yóò ṣí nígbà tí Ìjàyè fọ́ kò mọ ogun. Ó di ọdún 1865, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní Ìkòròdú, kí ìdè náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ọdún márùn-ún gbáko! Láàrin ọdún márùn-ún yìí, ibà kò sinmi lẹ́yìn Anna. Ìṣẹ́ àti ebi bá a jà ní ọwọ́ kan, àìsàn ń bá a jà ní ọwọ́ kejì. Síbẹ̀ agogo ìsìn ń dún, ẹ̀kọ́ ń lọ, àwọn ọmọ ń dàgbà.

ÒRU ỌJỌ́ KAN NÍ 1865

Ìròyìn ìyà wọn dé etí Glover, alákòóso Èkó, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà. Ó pinnu pé wọ́n gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1865 ó rán ọ̀gágun kan, Maxwell, pẹ̀lú àwọn ènìyàn, kí wọ́n la ojú ọ̀nà titun gba inú igbó dé Ìbàdàn. Òru ni wọ́n dé. Wọ́n ní àwọn kò lè dúró pẹ́, nítorí bí àwọn tí ń ṣọ́ ọ̀nà bá gbọ́, ìpadàbọ̀ kì yóò rọrùn. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ni wọn yóò tún gbéra.

Ẹ ronú sí i. Ènìyàn ti lo ọdún márùn-ún ní retí ọ̀nà; ọ̀nà wá ṣí lójijì ní òru, a sì fún un ní wákàtí díẹ̀ láti yàn. David sọ pé òun kò lè lọ. Ìjọ, ilé-ẹ̀kọ́, gbèsè, àwọn ọmọ, kò sí ẹni tí òun lè fi wọ́n lé lọ́wọ́ láàrin òru kan. Ṣùgbọ́n ó rí i pé bí Anna bá dúró, yóò kú. Nítorí náà ó rọ̀ ọ́ pé kí ó lọ. Ọkọ dúró, aya lọ. Wọ́n gbé Anna sórí aṣọ tí a so mọ́ ọ̀pá, àwọn arẹrù gbé ọ̀pá lé èjìká, wọ́n sì wọ inú igbó pẹ̀lú ìyára. Àwọn ọmọ tí ó ń pè é ní ìyá jí, wọ́n ń sunkún.

Ní èrò tiwa, ìpinnu òwúrọ̀ yẹn ni ó fi ohun tí ìgbàgbọ́ jẹ́ fún ìdílé yìí hàn ju gbogbo ìwàásù wọn lọ. Kò mú ibà kúrò lára wọn, kò sì sọ ìyàn di ọ̀pọ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé kò jẹ́ kí wọ́n ka àwọn ọmọ ọlọ́mọ sí ẹrù tí ènìyàn lè gbé sílẹ̀ sójú ọ̀nà nígbà tí ọrùn bá ń dùn ún. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì lè sọ pé Anna tí ó lọ kò ní ìgbàgbọ́ tó David tí ó dúró. Ẹni tí ó ti ń kú lọ ni ó lọ, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì gbé e ni ó dúró, títí ó fi ṣètò ohun gbogbo, tí òun náà sì tẹ̀lé e lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Ẹ ó rò pé ìtàn parí síbẹ̀. Ní ìparí ọdún 1866 wọ́n tún wọ ọkọ̀ padà wá. Ó ṣòro fún wa láti sọ bóyá ó bọ́gbọ́n mu. Àwọn mìíràn yóò ní kò yẹ kí ọkùnrin tí ó mọ bí ara aya rẹ̀ ti rí gbà fún un kí ó padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ohun tí Anna kọ yóò mọ̀ pé kì í ṣe obìnrin tí a lè dá dúró ni. Wọ́n bá ìjọ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí Olúbí wà níbẹ̀. Ní ọdún 1867 kan náà ni àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta nínú rúkèrúdò tí a ń pè ní Ifọ́lé, ọ̀nà sì tún di ohun ìfòyà. Ara Anna kò gbà á mọ́. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1869 ó dágbére fún Ìbàdàn, ọkọ rẹ̀ sì bá a lọ.

David gba iṣẹ́ ìjọ ní abúlé Martham ní Norfolk, agbègbè tí wọ́n ti bí Anna. Àwọn ọmọdé abúlé náà kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ ọ̀nà ilé rẹ̀, nítorí àṣà kò yí padà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà, ọdún 1870, ó kú ní ẹni ọdún 43. Ní Martham ni a sin ín sí. Ní ọdún 1872 àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ sínú ìwé kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n pè ní Seventeen Years in the Yoruba Country. Ìwé náà wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ bí inú ilé àti ìgboro Ìbàdàn ti rí ní àkókò yẹn, nítorí obìnrin tí ó kọ ọ́ máa ń ṣàkíyèsí ohun kéékèèké: ohun tí àwọn ọmọdé sọ, ohun tí a jẹ, ẹni tí ó wá kí i nígbà tí ó ń ṣàìsàn. Òdì kejì rẹ̀ ni pé ojú òyìnbó ìgbà yẹn ni ó fi ń wo ẹ̀sìn àwọn baba wa, òǹkàwé òde òní yóò sì rí ibi tí yóò ti bá a jiyàn.

David tún padà. Lẹ́yìn ikú aya rẹ̀ ó wá ṣiṣẹ́ ní ìhà Lẹ́kì àti Òǹdó fún ọdún mélòó kan, kí ara tó kọ̀ fún òun náà. Ọdún 1890 ni ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ó túmọ̀ ìwé John Bunyan nípa ìrìn-àjò onígbàgbọ́ sí èdè wa, Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa àgbà fi kọ́ ìwé kíkà.

Ní Ìbàdàn, Daniel Olúbí ni ó gba àkóso. Wọ́n fi í joyè díákónì ní ọdún 1871, ó di alùfáà lẹ́yìn náà, ó sì wà níbẹ̀ nínú ogun àti nínú àlàáfíà títí ó fi kú ní ọdún 1912. Robert Oyèbọ̀dé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí Anna tọ́ dàgbà, di alùfáà pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ bá re ilé nígbà ọdún, bí ẹ bá gba Mọ̀lété kọjá, ẹ óò rí ṣọ́ọ̀ṣì St. Anne's, bí ẹ bá yà sí Kúdẹtì, St. David's wà níbẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tí ẹ óò pàdé lọ́nà nínú aṣọ ilé-ìwé, ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ ilé-ìwé wọn. Àwọn kan nínú wọn yóò dáhùn pé Yéjídé ni.